Ẹ Sọ Ọ́ fún Un Kó Tó Pẹ́

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24-28, Àwọn Ọba Kejì 5:9-14, Mátíù 18:15-17.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tó bá fẹ́ràn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́ yóò sọ àṣìṣe rẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀, ní kùtùkùtù, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kò ṣòro láti yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe. Òun ni bí a ti ń sọ òtítọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, akọ̀wé wà, aránṣọ wà, aláró wà, oníṣòwò sì pọ̀. Àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, síbẹ̀ a ṣì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ìjọ: a jọ ń kọrin, a jọ ń dáná ìkórè, a jọ ń ka owó ẹgbẹ́. Níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀kan yóò rí àṣìṣe èkejì lọ́jọ́ kan. Kí ni kí ó ṣe sí ohun tó rí?

OHUN TÍ MO ṢE TÓ DÙN MÍ

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, obìnrin kan wà tí kíláàsì rẹ̀ fara ti tèmi. Ó jù mí lọ. Ó mọ ọmọ kọ́, ó lawọ́, ó sì máa ń bu oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún mi bí mo bá kánjú kúrò nílé. Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé kì í pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí ó tó jókòó, kí ó sì fa ìlà sí rẹ́jísítà fún ọjọ́ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i. Àwọn olùkọ́ yòókù náà rí i. A tilẹ̀ máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí kò bá sí nítòsí. Mo ń sọ fún ara mi pé kò kàn mí, pé àgbà ni, pé n kò fẹ́ kí àárín wa bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kan, àwọn olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣí rẹ́jísítà obìnrin náà, ó pe orúkọ ọmọ kan. Àwọn ọmọ kíláàsì dáhùn lóhùn kan pé ó ń ṣàìsàn, pé ó ti wà nílé láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni rẹ́jísítà ń sọ pé ọmọ náà kò pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ rárá. Wọ́n fún obìnrin náà ní ìwé pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé e lọ sí abúlé kan tó jìnnà, níbi tí kò ti lè máa rí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, mo bá a gbé àpótí ìwé rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ó dúró, ó wò mí, ó ní: “Ìyá Báyọ̀, ṣé o mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe yẹn lè kó bá mi?” Mo ní, “Mo mọ̀, mà.” Ó ní: “O sì ń wò mí níran.” Kò bú mi, kò sì sunkún. Ó gba àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi. Ohun mìíràn tún wà tí n kò rò nígbà náà. Ọmọ kan dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí olùkọ́ kan tó lọ wò ó nílé, nítorí nínú ìwé tiwa, ara rẹ̀ le, ó sì ń wá sí kíláàsì. Ìdákẹ́ wa kó bá obìnrin náà, ó sì kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

1. ÌDÁKẸ́ KÌ Í ṢE ÌFẸ́ NÍGBÀ GBOGBO

Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ kíyè sí i pé òwe yìí kò sọ pé kí a lọ sọ fún aládùúgbò. Ó ní kí a sọ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Kí ló máa ń pa wá lẹ́nu mọ́? Ìṣáájú ni ìbẹ̀rù: bóyá yóò bínú, bóyá kò ní kí mi mọ́. Èkejì ni pé a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa pè wá ní ènìyàn jẹ́jẹ́. Ẹ̀kẹta burú jù, a kì í sì í fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀: nígbà mìíràn, inú wa ń dùn díẹ̀ pé ẹlòmíràn ń ṣe é kù díẹ̀ káàtó, nítorí ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ tiwa dára lójú ọ̀gá. A wá ń pe gbogbo èyí ní sùúrù. Sùúrù kọ́. Ẹni tó ní sùúrù máa ń fara da àìdára ẹnìkejì nígbà tó bá ń bá a tún un ṣe, kì í wò ó títí yóò fi ṣubú.

Ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í dákẹ́ tán pátápátá. Ohun tí a kò lè sọ lójú rẹ̀, a ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá mọ àṣìṣe ènìyàn, tó jẹ́ pé òun nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀, òfófó ti gba ipò ìfẹ́ níbẹ̀.

2. ÀWỌN TÓ BẸ̀RẸ̀ ÌJỌ WA MỌ ÈYÍ

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun ni mo ń mú wá fún ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1738, John Wesley kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ọkùnrin ní tiwọn, kí olúkúlùkù lè sọ ọkàn rẹ̀ láìsí ìtìjú. Kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé, wọn yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí a máa sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un láìfi bò. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò yẹ ẹ́.

Nígbà tí Wesley pe Kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì àkọ́kọ́ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1744, wọ́n ṣe ìlànà fún àwọn oníwàásù tó ń ràn án lọ́wọ́. Lára rẹ̀ ni pé wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdára. Bí wọ́n bá rí ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, inú ara wọn ni kí wọ́n fi í sí títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún un kíákíá, kó má baà di egbò nínú ọkàn wọn. Ẹ rò ó wò. Alábàáṣiṣẹ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ sí ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé bí a kò bá lè bá ara wa sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà yóò bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Wesley fúnra rẹ̀ gba ìbáwí, obìnrin ló sì bá a wí. Ní nǹkan bí ọdún 1740, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Maxfield, tí kì í ṣe àlùfáà, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní ilé ìsìn wọn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Wesley kò sí nílé. Ìròyìn kan Wesley lára, ó sáré padà wá láti dá a dúró. Màmá rẹ̀, Susanna Wesley, ló pàdé rẹ̀. Ìyá náà kò pariwo, kò sì gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ òun ni. Ó kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra fún ohun tó fẹ́ ṣe, pé Ọlọ́run ló pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, pé kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì wo èso rẹ̀. Wesley lọ, ó gbọ́, ó sì yí ọkàn rẹ̀ padà. Ṣé ẹ rí i? Ká ní ìyá yẹn dákẹ́ ni, a kò mọ iye oníwàásù tí ìjọ wa ìbá ti pàdánù.

3. PÌRÌSÍLÀ, ÀKÚÍLÀ ÀTI ÀPÓLÒ

Ẹ jẹ́ ká ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24-28. Àpólò jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ohun tó ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa Jésù tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Pìrìsílà àti ọkọ rẹ̀ Àkúílà gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù. Àgọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa jẹun. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é.

Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò gbé ìròyìn ẹlòmíràn lọ bá a. Wọn kò dìde láàárín ìjọ kí wọ́n wí pé, “Ọ̀gbẹ́ni, o kò mọ̀ ọ́n.” Wọ́n mú un sọ́dọ̀ ara wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un kó pé sí i. Wọn kò gba iṣẹ́ ìwàásù lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó lè ṣe é dáadáa. Nígbà tó fẹ́ kọjá lọ sí Ákáyà, àwọn ará kọ ìwé kí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Àpólò náà kò sọ pé, “Kí ni apàgọ́ fẹ́ kọ́ mi?” Ó jókòó, ó gbọ́.

4. BÍ A Ó TI ṢE É

(a) Ẹ sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò yé èyí dáadáa. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀kọ làfún tí ọ̀rẹ́ yín fi ń ya aṣọ ti ṣàn jù, tí aró yóò wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ìgbà wo ló yẹ kí ẹ sọ fún un? Kí aṣọ tó wọ inú ìkòkò aró ni. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ tó kù di àbámọ̀. Ìwà iṣẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ní oṣù kìíní lè di ọ̀ràn ìwé ìdáṣẹ́dúró ní oṣù kẹwàá.

(b) Ẹ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Jésù fi èyí lélẹ̀ nínú Mátíù 18: láàárín ìwọ àti òun nìkan ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe níwájú oníbàárà, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Kódà, ẹ má ṣe gbé e wọ inú àdúrà tí gbogbo ènìyàn yóò fi mọ ẹni tí ẹ ń bá wí.

(d) Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò nípa rẹ̀. Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1956, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mẹ́tọ́díìsì, Wesley Guild, ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì kan tí ìyá ọmọ yóò tọ́jú sílé ara rẹ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń ṣeré. Irú káàdì yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò.

Kí ni èyí fi kọ́ wa? Káàdì yẹn kò bú ìyá. Kò ní, “Ìyá burúkú ni ọ́.” Ohun tó rí ló sọ, ó sọ ọ́ kí àìsàn tó wọlé, ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ló sì wà, kì í ṣe ara ògiri. Nọ́ọ̀sì yóò wá bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó lè fún ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ tiwa rí. Ẹ má ṣe sọ fún nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ yín pé, “Ìwọ kì í bìkítà.” Ẹ sọ pé, “Lánàá àti lónìí, mo rí i pé a kò kọ oògùn tí a fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta sílẹ̀. Mo ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má lọ tún un fún un.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò dá ìjà sílẹ̀. Èkejì yóò mú kó lọ wo ìwé.

(e) Ẹ mú ìrànlọ́wọ́ dání. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ẹ bi í pé, “Kí ló ń fà á?” Nígbà tí mo wá béèrè lọ́wọ́ ara mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo rántí pé obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọmọ ọwọ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, kì í tètè dé láàárọ̀. Ká ní mo ti sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pe orúkọ wọn bí ẹ bá pẹ́,” ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí níbẹ̀.

5. BÍ ẸNI NÁÀ BÁ JÙ WÁ LỌ ŃKỌ́?

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa yóò ní, “Mà, ọ̀gá mi ni. Báwo ni mo ṣe lè bá àgbà wí?” Òótọ́ ni, ilẹ̀ Yorùbá ni a wà. Ẹ ka ìtàn Námánì nínú Àwọn Ọba Kejì 5. Ọ̀gágun ni, ó sì ti ń bínú lọ nítorí pé wòlíì ní kó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì. Ìránṣẹ́ lásán ni àwọn tó sún mọ́ ọn. Wọ́n pè é ní baba. Wọn kò sọ fún un pé ó ṣi ìwà hù; ìbéèrè ni wọ́n bi í: bí ó bá jẹ́ ohun ńlá ni wòlíì ní kó ṣe, ṣé kò ní ṣe é? Ìbéèrè náà wọ̀ ọ́ lára, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ara rẹ̀ sì dá.

Ọ̀wọ̀ kò sọ pé ká má sọ òtítọ́; ọ̀nà tí òtítọ́ ń gbà wọlé ni. Ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá ní láti kúnlẹ̀. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ohun kan ni kò yé mi tó nínú ìṣirò yìí, ẹ bá mi wò ó.” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àwa àgbà náà, ẹ jẹ́ kí ojú wa rọ̀. Bí ọmọdé kò bá lè sọ òtítọ́ fún wa, àwa ni a ti ilẹ̀kùn.

6. BÍ WỌ́N BÁ SỌ TIWA FÚN WA

Òtítọ́ korò, bẹ́ẹ̀ ni ewé tó ń wo ibà sàn náà korò. Bí wọ́n bá sọ àṣìṣe wa fún wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ parí ká tó dáhùn. Ẹ má ṣe béèrè pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Ẹ má ṣe ka àṣìṣe tiẹ̀ náà sí i lórí ní ọjọ́ yẹn. Ẹ dúpẹ́, ẹ lọ rò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹni tí ẹ sọ fún bá sì bínú, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Námánì náà kọ́kọ́ bínú. Ẹ máa kí i, ẹ máa bá a ṣiṣẹ́ lọ, ẹ má sì ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

7. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ BÒ MỌ́LẸ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń parí láàárín ènìyàn méjì. Jésù ní bí kò bá gbọ́, ká mú ẹnìkan tàbí méjì dání; bí kò bá tún gbọ́, ká sọ fún ìjọ. Níbi iṣẹ́, bí owó bá ń sọnù, tàbí bí ẹ̀mí aláìsàn tàbí ti ọmọdé bá wà nínú ewu, ẹ sọ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ lọ́jọ́ náà. Pípa irú rẹ̀ mọ́ nítorí ọ̀rẹ́ kì í ṣe ìfẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Pìrìsílà àti Àkúílà ṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe?
2. Nínú ohun mẹ́ta tó ń pa wá lẹ́nu mọ́, èwo ló wọ́pọ̀ jù níbi iṣẹ́ tiyín?
3. Báwo ni ẹ ó ti sọ fún akápò ẹgbẹ́ tó jù yín lọ pé ìṣirò rẹ̀ kò pé? Kí ẹni méjì ṣe é lójú gbogbo wa.
4. Ìgbà wo ni ẹnìkan sọ òtítọ́ fún yín tó ṣe yín láǹfààní? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù wa ronú sí ẹnìkan tó ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Kí ó gbàdúrà fún ẹni náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá a, òun nìkan.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a rí arábìnrin wa lẹ́bàá kòtò, tí a sì ń wò ó níran. Fún wa ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀, fún wa ní ọ̀rọ̀ tó tutù, sì fún wa ní etí láti gbọ́ nígbà tó bá kàn wá. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.